Ta Ló Fún Ẹgbẹ́ Onílé Ní Àṣẹ?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń gbé lábẹ́ ẹgbẹ́ onílé, tí wọ́n ń pè ní HOA, ti lé ní mílíọ̀nù 70. Ẹni tó bá ra ilé sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ra ẹgbẹ́ mọ́ ilé ni. Kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó fẹ́ darapọ̀, torí májẹ̀mú ẹgbẹ́ náà ti wà lórí ilẹ̀ kó tó dé, yóò sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó bá ta ilé náà fún ẹlòmíràn. Májẹ̀mú yìí ló ń sọ irú ọ̀dà tí wọ́n lè fi kun ilé, bí koríko iwájú ilé ṣe lè ga tó, ìgbà tí agolo ìdọ̀tí lè dé ẹ̀bá títì, àti bóyá ọkọ̀ akẹ́rù lè sùn síwájú ilé. Owó ẹgbẹ́ wà, owó ìtanràn náà wà. Bí gbèsè bá pọ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹgbẹ́ lè lu ilé náà ní gbàǹjo. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ra ilé sí Houston tàbí àyíká Atlanta mọ ìwé májẹ̀mú yìí dáadáa. Bóyá ẹgbẹ́ yìí dára tàbí kò dára kọ́ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ti san owó ìtanràn rí ti ní ìdáhùn tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ẹgbẹ́ ti rí àṣẹ tó ń lò lórí ilé onílé.

Ìdáhùn agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ kì í gùn: ìwọ lo fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò fipá mú ọ, bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn mọ́, kó ẹrù rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ tipẹ́ pé ẹni tó bá ń jẹ àǹfààní ilẹ̀ kan, tó ń rin títì rẹ̀, ti gba òfin ilẹ̀ náà, bí kò tilẹ̀ lanu. David Hume, ará Scotland, ta ko èrò yìí ní 1748. Ó ní bí wọ́n bá gbé ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú omi nígbà tó ń sùn, ṣé a lè sọ pé ó ti gbà kí ọ̀gá ọkọ̀ máa pàṣẹ fún òun, nítorí pé kò bẹ́ sómi kó kú? Mo gbà pé ẹni tó ra ilé kò sùn; ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere nígbà tó ń fọwọ́ síwèé. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú tó ń dàgbà, ilé tuntun tí kò ní ẹgbẹ́ ti ṣọ̀wọ́n. Ìjọba ìlú mìíràn tilẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí ẹgbẹ́ ni yóò máa tún títì àti ojú àgbàrá ṣe, owó orí tí ìjọba ń gbà kò sì ní dín. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lè gbé òfin tuntun jáde lọ́la, àwọn tó pọ̀ jù sì lè dìbò tún májẹ̀mú kọ. Ohun tí onílé fọwọ́ sí gan-an ni pé òun yóò tẹ̀lé ohun tí òun kò tíì rí.

Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní 1948 fi hàn pé ìfọwọ́sí, bó ti wù kó pé tó, kò lè dá sọ àṣẹ di ẹ̀tọ́. Ní 1911, àwọn onílé kan ní St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, fọwọ́ síwèé láàárín ara wọn pé fún 50 ọdún, aláwọ̀ dúdú tàbí ará Éṣíà kò gbọ́dọ̀ gbé inú ilé wọn. Ní 1945, ìdílé Shelley, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ra ọ̀kan nínú àwọn ilé náà láìmọ̀ pé májẹ̀mú wà lórí rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì pè wọ́n lẹ́jọ́ kí wọ́n lè lé wọn jáde. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà sọ nínú Shelley v. Kraemer pé àwọn ènìyàn lè bá ara wọn dá irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ bó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ tó gbọ́dọ̀ bá wọn fi agbára mú un ṣẹ. Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí ìdájọ́ náà gbà. Wọn kò wá àbùkù sínú ìfọwọ́sí náà. Ó wà, ó sì pé, síbẹ̀ kò tó.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó kéré ju ìyẹn lọ. Àwọn Júù tó di ẹ̀sìn wọn mú máa ń kan mezuzah mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà, lápá ọ̀tún ẹni tó ń wọlé. Àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ púpọ̀, awọ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú Ìwé Deutarónómì sí ni wọ́n ká sínú rẹ̀. Ní ilé gíga kan ní Chicago, ẹgbẹ́ ṣòfin ní 2001 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi bàtà, ẹní ìnusẹ̀ tàbí ohunkóhun sí ìta ilẹ̀kùn rẹ̀. Obìnrin Júù kan tó ń gbé ibẹ̀ gan-an ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ṣètò òfin náà, mezuzah rẹ̀ sì wà lára òpó láìsí ẹni tó bá a wí. Ní 2004, wọ́n tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ kùn, ni ẹgbẹ́ bá ní mezuzah wà lára “ohunkóhun” tí òfin sọ. Wọ́n ń yọ ọ́, ìdílé náà ń kàn án padà. Nígbà tí ọkọ obìnrin náà kú, wọ́n bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ ọ̀fọ̀ nìkan. Kí ìdílé náà tó ti ibi ìsìnkú dé, ẹgbẹ́ ti yọ ọ́. Ní 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé ìdílé náà ní ẹjọ́ tó yẹ ní gbígbọ́. Àní ẹni tó bá wọn ṣòfin kò mọ ohun tí òfin náà yóò dà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń lò ó.

Ẹni tó bá bá mi dé ibí lè rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé kí onílé kọ̀ọ̀kan máa ṣe tinú rẹ̀. Rárá o. Ní òru ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, ọdún 2021, apá kan Champlain Towers South, ilé alájà 12 ní Surfside, ní Florida, wó lulẹ̀, ènìyàn 98 sì kú. Àwọn tó ni ibẹ̀ ní ẹgbẹ́. Láti 2018 ni onímọ̀ ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ náà pè ti kọ̀wé fún wọn pé omi tó ń dúró sórí àgbàlá odò ìwẹ̀ ń ba kọnkéré tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Owó àtúnṣe ń gòkè títí ó fi tó nǹkan bí mílíọ̀nù 15 dọ́là. Àwọn kan ní owó náà ti pọ̀ jù, àwọn kan ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ìpàdé ń di ìjà, ọdún sì ń gorí ọdún. Mi ò sọ pé àríyànjiyàn yẹn ló wó ilé. Àbùkù ti wà nínú bí wọ́n ṣe ya àwòrán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe tán láti san owó àti ẹni tó kọ̀ jálẹ̀, ilé kan náà ló wó lé wọn lórí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, owó àtúnṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó-wù-mí. Bí kò tilẹ̀ sí ìwé kankan, gbèsè náà wà lọ́rùn gbogbo wọn.

Ibi tí mo dúró sí rèé: ohun tó so wá pọ̀ ló fún ẹgbẹ́ ní àṣẹ, ìfọwọ́sí kàn ń jẹ́rìí sí i ni. Òpó, òrùlé, páìpù omi, ojú àgbàrá, títì inú àdúgbò, ọlọ́dẹ òru, gbogbo ìwọ̀nyí ni ẹgbẹ́ lè torí rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Níbi tí ìsopọ̀ bá parí sí ni àṣẹ náà parí sí.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti iye owó ilé. Wọ́n á ní bí aládùúgbò rẹ bá fi ọ̀dà elésè àlùkò kun ilé, tó jẹ́ kí koríko kún ìdí rẹ̀, iye tí ilé tìrẹ lè tà máa wálẹ̀, nítorí náà ọ̀dà rẹ̀ kan ọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, ilé sì ni gbogbo ọrọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní láyé. Àmọ́ kí ni iye owó ilé, bí kì í bá ṣe ohun tí àjèjì tó ń bọ̀ wá rà á máa rò? Ọ̀rọ̀ iye owó yìí kan náà ni FHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe onídùúró fún owó tí wọ́n yá kọ́lé, gbé kalẹ̀ nínú ìwé ìlànà rẹ̀ ti 1938, nígbà tó gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n fi májẹ̀mú ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Bí èrò àjèjì bá ti tó láti fún ẹgbẹ́ ní àṣẹ, kò sí ohun tó kù fún onílé, àti àwọ̀ ara rẹ̀ pàápàá. Koríko tó ń fa ejò jẹ́ ọ̀ràn gbogbo àdúgbò. Koríko tí kò kàn wu ojú kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn á béèrè pé ta ni yóò máa pààlà sáàárín méjèèjì. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, ẹni kì í ṣe adájọ́ nínú ẹjọ́ ara rẹ̀. Òfin ìjọba ti ń ṣe é díẹ̀díẹ̀: láti 2006, òfin àpapọ̀ kò gbà kí ẹgbẹ́ kankan dí onílé lọ́wọ́ láti ta àsíá Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Illinois sì ṣòfin tó dáàbò bo mezuzah àti irú rẹ̀. Ní 2024, àwọn aṣòfin Florida jókòó, wọ́n sì pinnu pé ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ bu owó ìtanràn lé ẹni tí agolo ìdọ̀tí rẹ̀ wà lẹ́bàá títì láàárín wákàtí 24 tó ṣáájú tàbí tó tẹ̀lé ìgbà tí wọ́n kó o. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ agolo di ohun tí ilé aṣòfin ń dìbò lé lórí, àmọ́ ó fi hàn pé ẹgbẹ́ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Gbàǹjo ilé nítorí gbèsè kékeré ni ó burú jù. Ní Frisco, ní Texas, wọ́n lu ilé ọmọ ogun kan tó wà lójú iṣẹ́ ní Iraq ní gbàǹjo, lórí owó ẹgbẹ́ tí kò tó 1,000 dọ́là.

Irú ẹgbẹ́ yìí wà nílé náà. Ní Èkó, ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù kò ní agbára gbàǹjo. Géètì ni agbára tirẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ tilẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ, nítorí níbi tí ìjọba kò bá dé, ẹgbẹ́ ló ń dáwó ra tiransifọ́mà, tó ń kó yanrìn sójú títì, tó sì ń sanwó ọlọ́dẹ. Abala 40 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fún kálukú ní òmìnira láti bá ẹni tó bá wù ú kẹ́gbẹ́. Lójú tèmi, ìyẹn kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ sísan owó iná tó ń lò àti ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ. Ó kàn ní kí wọ́n má fipá sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n má sì fi géètì ti ìyá aláìsàn mọ́lé nítorí gbèsè àríyá ọdún. Ayálégbé ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Òun náà ń san owó tiransifọ́mà, òun náà ń san ti ọlọ́dẹ, ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá dé, wọ́n á ní ìpàdé láńlọ́ọ̀dù ni. Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń sanwó jókòó síbi tí ẹ ti ń pín in, kí ẹ sì máa já rìsíìtì fún un.