Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

*ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà: Léfítíkù 14:33-45*

 

Lọ́dún kan, àbíkẹ́yìn wa ń wúkọ́ ṣáá. Bó bá lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ màmá wa, ikọ́ á lọ. Bó bá ti padà sùn nínú yàrá rẹ̀, ikọ́ á tún dé. A gbààwẹ̀, a ṣe ìṣọ́ òru. Èmi tilẹ̀ ti ń fura sí ẹnì kan ládùúgbò. Àfìgbà tí àbúrò mi wá kí wa, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń rùn bí aṣọ tí ò gbẹ tí wọ́n ká pamọ́ báyìí?" Imú tiwa ti mọ́ ọn lára! A sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri: èéhù dúdú ti bo ibẹ̀ látòkè délẹ̀. Páìpù ilé ìwẹ̀ ló ń jò sínú ògiri. Ẹni tí mo ń fura sí ò mọ nǹkan kan. Ojú tì mí níwájú Ọlọ́run.

Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run kọ́ Ísírẹ́lì. Kò ní kí wọ́n fi ọ̀dà bò ó. Onílé fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sọ fún àlùfáà pé òun rí nǹkan tó jọ àrùn lára ilé òun. Wọ́n á kó ẹrù jáde, àlùfáà á yẹ ògiri wò, á ti ilé náà pa fún ọjọ́ 7. Bó bá ti ràn, wọ́n á yọ òkúta ibẹ̀ dànù, wọ́n á ha ògiri, wọ́n á tún un rẹ́. Bó bá tún yọjú lẹ́yìn ìyẹn, wíwó ló kù.

Ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ náà nìyẹn. Ìbínú tá a fi ẹ̀rín bò, owó tí kò tọ́ sí wa, aṣọ ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀dà tá a fi ń kùn ún. Àwọn tó ń bá wa gbé ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọbẹ̀. Ibi tí ògiri ti lanu ni ká wá.

*Iṣẹ́ òní:*
1. Ẹ yẹ ilé àti ṣọ́ọ̀bù yín wò: òórùn tí kò lọ, ọ̀dà tó ń wú tó ń ṣí, àmì omi lára síìlì, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ síńkì, ikọ́ tàbí imú dídí tó máa ń fúyẹ́ bí ẹ bá jáde. Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò. Ẹ wá bo imú, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa. Ohunkóhun tí omi bá wọ̀, ẹ sá a kó tó pé wákàtí 24 sí 48. Bí ikọ́ ò bá lọ, ẹ rí dókítà. Àdúrà ò kọ ìyẹn.
2. Ohun kan tí ẹ ti ń fi ọ̀dà bò nínú ọkàn yín, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún Olúwa láàárọ̀ yìí.

*Àdúrà:* Bàbá, wọ ilé mi, wọ ọkàn mi. Fi ohun tó pamọ́ hàn mí, kí o sì fún mi lágbára láti yọ ọ́ dànù, lórúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o.