ORÚKỌ KÒ YÍ, INÚ TI YÍ

 

Bíbélì kíkà: 2 Kọ́ríńtì 4:2 àti 16

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pé ọdún 52. Wọ́n ní ìpara ojú kan tí wọ́n ti ń lò láti ọdún mẹ́rin, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ojú tètè hunjọ. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ra òmíràn. Ike kan náà, orúkọ kan náà, owó nìkan ló lé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú wọn gbẹ táútáú. Wọ́n kó páálí méjèèjì wá, a yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Retinol, irú fítámínì A tó ń bá ojú híhunjọ jà, wà nínú ti àtijọ́. Kò sí nínú tuntun. Síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú páálí pé ó tún dára sí i.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àǹtí mi, ta ló lè bá ọjọ́ orí jà?"

Wọ́n ní, "Ajíhìnrere, mo mọ̀ pé màá darúgbó. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Orúkọ yẹn ni mo fọkàn tán, tí mi ò fi yẹ ẹ̀yìn páálí wò mọ́."

Ṣé ilé iṣẹ́ yẹn purọ́? Ẹnì kan lè ní rárá, gbogbo èròjà ló wà lẹ́yìn páálí. Àyípadà fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá mọ̀ pé ojú àná lẹ ṣì fi ń wò mí, tí mo wá dákẹ́ kí ẹ má baà fura, ìdákẹ́ mi ti di ẹ̀tàn, bí mi ò tiẹ̀ pa irọ́ kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. "Ajíhìnrere" ṣì wà lára ike tèmi. Èèyàn á ní kí n bá òun gbàdúrà, màá ní, "Mo ti ń gbà á." Ká sòótọ́, ìgbà míì wà tí mi ò tíì kúnlẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Baálé ilé, ìwà pẹ̀lẹ́ tí ìyàwó yín torí ẹ̀ fẹ́ yín, ṣé ó ṣì wà nínú ike? Oníṣòwò, ṣé òṣùwọ̀n tí oníbàárà fọkàn tán náà lẹ ṣì ń lò? Tó bá ti yí, ẹ má kàn tún páálí kùn. Ẹ jẹ́wọ́ fún ẹni tọ́rọ̀ kàn lónìí.

Ara òde á gbó, ìpara kankan ò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n inú wa, Ọlọ́run lè sọ ọ́ dọ̀tun láràárọ̀.

Àdúrà: Olúwa, jẹ́ kí ohun tó wà nínú mi bá orúkọ tí wọ́n ń pè mí mu, lórúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o.