Ẹni Tó Ní Nǹkan Lára, Ṣé Kó Wí?

 

Ìbéèrè kan náà ni èèyàn méjì tí wọn kò mọra wọn rí bi mí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọmọkùnrin tó ń bá àwọn onítírélà ṣiṣẹ́ láàárín Tin Can àti Mile 2. Ajégúnlẹ̀ níhìn-ín ló ń gbé, lẹ́bàá Boundary. Ó ní nǹkan lára. Ẹ̀yin ọmọ awo mọ ohun tí mo ń wí: ońdè ni, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ó ní ṣé kí òun máa jẹ́ kó hàn lábẹ́ ẹ̀wù, kí àwọn tó máa ń dá wọn dúró gbowó lójú ọ̀nà lè mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè gbá létí kí wọ́n sì lọ báyìí.

Ẹnì kejì, Houston ni wọ́n wà ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ òru ni wọ́n sì ń ṣe. (Wọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ifá ló sọ mí di bàbá wọn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò lè pè wọ́n ní "ìwọ" láéláé.) Ìbọn ìléwọ́ wà nínú báàgì wọn, òfin Texas sì gbà á. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti gba ẹni tó ní ìwé àṣẹ láyè lọ́hùn-ún láti gbé ìbọn ìléwọ́ ní gbangba, nígbà tó sì di 2021, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ò nílò ìwé àṣẹ ọ̀hún mọ́ rárá. Ọkọ wọn ti lọ lẹ àwòrán ìbọn mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, kí olè lè mọ̀ pé ilé alágbára ni. Wọ́n ní, "Bàbá, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí kí n yọ ọ́?"

Kí n tètè sọ ti òfin ilé wa, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé bàbáláwo ló ní kí òun ra ìbọn. Òfin ìbọn tó ti wà láti ọdún 1959 kò gba aráàlú láyè láti ní ìbọn ìléwọ́ àyàfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ìbọn ọdẹ àti ṣakabùlà ni ọlọ́pàá lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ lé lórí. Bọ́rọ̀ ṣe rí nínú ìwé nìyẹn. Níta ńkọ́? Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè dá kọ̀ǹténà kan dúró lójú ọ̀nà Mile 2 sí Apápá. Ilẹ̀kùn irin ni wọ́n tò síwájú, ìbọn pump-action 661 ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn tó parí, gbogbo irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti gbà ní èbúté Èkó ti di 2,671. Èyí tí wọ́n rí mú nìyẹn o. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ ìbọn tí a fi pamọ́ kò kan àwa ará ìhín, olúwa rẹ̀ ń sùn ni.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ há a yín lọ́wọ́. Àwọn bàbá wa fi ariwo ìbọn sọ ogun lórúkọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá bọ́ Èkó lóṣù Kejìlá ọdún 1851, ogun Àgídìńgbì ni wọ́n pè é. Èyí tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ jà láti 1877 títí di 1893, Kírìjì ni. Etí ni wọ́n kọ́kọ́ fi pàdé ìbọn. Ṣakabùlà pàápàá, ó gùn, èjìká ni ọdẹ ń gbé e kọ́, kò ṣeé fi sápò. Ìbọn tó ń polówó ara rẹ̀ ni àṣà wa mọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní rí òwe púpọ̀ nípa ìbọn tó wọ inú báàgì. Ohun tí àṣà wa mọ̀ tó ń gbé inú aṣọ ni oògùn. Nítorí náà, tí nọ́ọ̀sì ní Houston bá bi mí nípa ìbọn, ọ̀dọ̀ oògùn ni mo ti máa ń wá ìdáhùn.

Ẹ wo ààlè. Ẹ̀yin ọmọ ìgboro lè má rí i rí. Ẹ gba ọ̀nà oko kọjá, ẹ ó rí ìdì igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n so àkísà pupa mọ́, tàbí ìkarahun ìgbín, tàbí ṣùkù àgbàdo, tàbí ògbólógbòó bàtà, tàbí òòyà tó ti kán. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ààlè ò sọ irú oògùn tó wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé kò sí oògùn kankan. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan yìí ní ẹni tó ni ín, àti pé tí o bá fọwọ́ kàn án, ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, o ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Tí o bá fi igi sílẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ kankan bá ọ sọ. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rò nìyí: ààlè de ẹni tó so ó náà. Kò lè tú u kúrò lára igi kó fi máa lé èèyàn kiri ọjà. Ibi tó so ó sí ni agbára rẹ̀ mọ.

Àwa náà tí à ń so ìdè mọ́ ọwọ́ òsì, kí là ń ṣe? Àwọn bàbá wa sọ fún wa pé ìdè yẹn ni Ikú fi ń dá ọmọ Ọ̀rúnmìlà mọ̀, kó lè yà fún un. Ikú! Ẹni tí kò gbẹ̀bẹ̀, òun là ń so àmì hàn. Ohun tó wà nínú ilé Ifá, awo ni. Àmì rẹ̀ wà lọ́wọ́, gbogbo ayé ń rí i nínú mọ́tò dánfó.

Àwọn àgbà kan yóò ta kò mí, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á ní yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Wọ́n á ní tí o bá jẹ́ kí ọ̀tá mọ orúkọ oògùn rẹ, ó ti gba ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀ lọ nìyẹn. Tí ìbọn bá wà lára ẹnì kan nínú ọkọ̀ tí àwọn adigunjalè sì mọ̀, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ yìn níbọn. Àwọn kan ń kú nítorí ìbọn tí wọ́n gbé dání. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ń sun àgọ́ ọlọ́pàá l'Ékòó, ìbọn wà lára ohun tí wọ́n kó lọ. Mo gbà. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá pa mí, n kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ìkìlọ̀ kankan.

Ṣùgbọ́n wọ́n á tún fi òwe ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn: ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Lẹ́nu ẹni tó fẹ́ jagun la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, pé má wí o, kí wọ́n má baà sá lọ. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu arọ fúnra rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí ìkìlọ̀, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà là.

Ta wá ni arọ yìí ní Ajégúnlẹ̀? Kì í ṣe adigunjalè. Kọ́ńdọ́ tó ń bá èrò jiyàn lórí ṣéńjì ni. Obìnrin tó ní kí o gbé ọ̀kadà rẹ kúrò níwájú ìsọ̀ òun ni. Ẹ ka ìjà tí ẹ rí láti Tolu dé Boundary lọ́dún yìí, mélòó nínú wọn ni olè jíjà? Ṣéńjì ni, ojú gọ́tà ni, ta ló kọ́kọ́ tò síbi omi ni. Nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi nǹkan pamọ́ sára mọ̀ pé ìjà ọ̀hún kò dọ́gba, òun nìkan ló sì mọ̀. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ rò pé bí ọ̀rọ̀ bá burú jù, ẹ̀ṣẹ́ méjì ni. Ì bá mọ̀, ì bá ti bẹ̀bẹ̀, ì bá ti bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kà mí tipẹ́ yóò rántí àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún inú Ìká Òfún, àwọn tó lọ bèèrè ẹ̀mí gígùn ní Ilé-Ifẹ̀. Lára ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún wọn ni pé wọn kò gbọdọ̀ gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú. Ọ̀pọ̀ wa ń ka èyí sí ọ̀rọ̀ àánú lásán. Èmi ò kà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá ni afọ́jú fi ń mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ewu pamọ́ fún ẹni tí yóò ṣubú sínú rẹ̀, ọ̀pá ló gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ìtàn Ògún ní Ìrè tún wà, tí gbogbo wa mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kò kò lórí gbogbo rẹ̀. Ògún ti ojú ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ará ìlú níbi àjọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la ẹnu. Agbè ẹmu wà nílẹ̀, òfìfo ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó kí i. Ó fa idà yọ. Ìgbà tó ti pa wọ́n tán ló tó yé e, tó sì wọlẹ̀ lọ. A máa ń fi ìtàn yìí kọ́ ọmọdé pé kí wọ́n má máa bínú. Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan: nínú gbogbo ẹni tó wà ní agbo yẹn lọ́jọ́ náà, ta ló lẹ́nu láti sọ̀rọ̀? Ògún nìkan ni. Èèwọ̀ ló dè wọ́n lẹ́nu, kò de òun. Ẹni tó gbé idà dání, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wà.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Tí nǹkan tó lè pa èèyàn bá wà lára rẹ, o jẹ ẹni tó wà níwájú rẹ ní ọ̀rọ̀ kan kí aburú tó ṣẹlẹ̀. O ò jẹ gbogbo ọjà. O ò jẹ ẹni tó ń kọjá lọ.

Ti ìjọba le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìbọn wọn kì í ṣe tiwọn, tiwa ni. Nígbà tí wọ́n dá SARS sílẹ̀ ní 1992, láìwọ aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, nínú mọ́tò tí kò ní àmì, kí adigunjalè má baà rí wọn lókèèrè. Ìdí tó dáa ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó di pé bí àwọn ọkùnrin oníjíǹsì bá fi ìbọn dá ọ dúró lóru, o ò mọ̀ bóyá kí o kúnlẹ̀ ni tàbí kí o sá. Àwọn tó fi ara wọn pamọ́ wá di ẹni tó ń ka ara ọmọ ọlọ́mọ: o dirun, o kọ ara, o gbé kọ̀ǹpútà, o ti dọ̀daràn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé wọn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìwọ aṣọ iṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ méje lẹ́yìn náà, ó tú wọn ká pátápátá. Ìkéde àkọ́kọ́ yẹn, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi pẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi ìhàlẹ̀ pe ìkìlọ̀. Ẹ̀yin tó ń gba Apápá mọ mọ́tò tó gbé fìlà sójà síwájú gíláàsì. Ó lè má sí sójà nínú ẹbí ẹni tó ń wà á. Ọ̀nà ló fẹ́, ó fẹ́ gba ọ̀nà tí kò tọ́ kó sì kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ààlè ń dúró ti igi tirẹ̀. Fìlà yìí ń wá èèyàn kiri.

Mo ní kí nọ́ọ̀sì yọ àwòrán yẹn kúrò lẹ́yìn mọ́tò. Kò bá ẹnikẹ́ni tó wà níwájú wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó bá gba ibi ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù kọjá ló ń bá sọ̀rọ̀, ohun tí olè sì ń kà níbẹ̀ ni pé ìbọn wà nínú mọ́tò yìí, ẹ fọ́ gíláàsì. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bá gbé báàgì yẹn wọ̀, kí wọ́n sọ fún onílé lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọmọdé bá wà ńbẹ̀, kí wọ́n má tiẹ̀ gbé e wọlé. Tí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró, kí wọ́n sọ ọ́ kí ọwọ́ wọn tó kan báàgì. Ní Michigan, dandan ni lábẹ́ òfin. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

Ọmọkùnrin yẹn, mo ní kó fi ońdè rẹ̀ sábẹ́ aṣọ. Tó bá hàn, àwọn ọmọ àdúgbò á fẹ́ dán an wò, ọlọ́pàá á fi ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó bá dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ rántí ìparí ọdún 1999, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá àti Ìjọ́ kọjú ìjà síra wọn, tí ẹ̀mí ṣòfò. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó hàn lára èèyàn ló ń sọ ẹgbẹ́ tó wà, kò sẹ́ni tó ń dúró bèèrè orúkọ. Mo wá ní tí ọ̀rọ̀ bá ń di ìjà lójú ọ̀nà, ìwọ tó o mọ ohun tó wà lára rẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn mí. Tó bá jẹ́ torí ṣéńjì ni, fi ṣéńjì sílẹ̀.

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì gbá mi létí ńkọ́?"

Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, kó mú obì dání.