Ta Ni Ó Bá Ta Mulẹ̀?

Ní ayé àwọn baba wa, ní Ìlódè níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, Ifẹ̀ Oòdáyé níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, bí ọkùnrin méjì bá fẹ́ bá ara wọn dá májẹ̀mú tí kò ní í yẹ̀, wọn kì í wá akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í lọ sí ilé ẹjọ́: wọn a gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀, wọn a da omi tútù sí i, wọn a ju obì sínú omi náà, wọn a sì wólẹ̀ mu ún, láti ọjọ́ náà lọ ni a ó sì máa pe ọ̀kan ní ìmùlẹ̀ èkejì. Ilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí pé kò sí ibi tí ènìyàn lè sá lọ tí kò ní í bá ilẹ̀ níbẹ̀. Òun ni a ń tẹ̀ láàyè, òun ni yóò sì gbà wá nígbà tí a bá kú. Ẹni tí ó bá sì dalẹ̀, àwọn àgbà ní ilẹ̀ náà ni yóò bá lọ.

Ọ̀rọ̀ ìmùlẹ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí àwọn ológun tí ń ṣe ìjọba ní Málì, ní Bùrkínà Fáàsò àti ní Nìjẹ̀r fẹnu kò, tí wọ́n sì kéde pé lójú ẹsẹ̀ ni àwọn jáde kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn kò ti tán nídìí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn, ní àgbàlá mọ́ṣáláṣí àti lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n, kí wọ́n máa lọ, àwọn kan ní akọni ni wọ́n, pé wọ́n já ara wọn gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ń gbọ́ ti àwọn Faransé ju ti ọmọ rẹ̀ lọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní Nàìjíríà gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń dáwó jù tí èrè rẹ̀ kò sì hàn. Mo fetí sí gbogbo wọn, mo sì rí i pé ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣíwájú ni wọ́n fi sẹ́yìn. Irú ìdè wo ni ó wà láàárín wa ná? A ń kọ̀wé jáde kúrò nínú ẹgbẹ́, a sì ń palẹ̀ mọ́ kúrò ní ọjà nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ṣùgbọ́n ta ni ó tíì kọ̀wé fi ipò ọmọ ìyá sílẹ̀ rí?

Bí a bá wo ìwé, ẹgbẹ́ ni ECOWAS. Ní Èkó ni orílẹ̀-èdè 15 ti fọwọ́ sí i ní 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Ọ̀gágun Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ti sáré sókè sódò nítorí rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sì fi ọgbọ́n orí rẹ̀ gbé ètò náà ró. Nínú ìwé tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1993, abala 91 sọ ọ́ kedere pé orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ lọ yóò kọ̀wé, yóò sì dúró fún ọdún kan kí ó tó lọ. Kò sí ẹni tí í fi irú abala bẹ́ẹ̀ sínú ìmùlẹ̀. Ohun kan sì ń yà mí lẹ́nu bí mo ti ń rò ó: ní ọdún 1975 náà, ológun ni Moussa Traoré tí ń ṣe ìjọba ní Málì, ológun ni Sangoulé Lamizana ní Bùrkínà Fáàsò, tí a ń pè ní Upper Volta nígbà náà, ológun ni Seyni Kountché ní Nìjẹ̀r, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún kan lé díẹ̀ lórí oyè, kò sì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìfọwọ́sí náà tí àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon fúnra rẹ̀. Ológun ni ó mú àwọn ará ibẹ̀ wọlé, ológun náà ni ó mú wọn jáde. Ẹnikẹ́ni kò bi àgbẹ̀ tí ń ro oko ọkà bàbà ní Maradi léèrè nígbà àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì bi í nígbà kejì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ dìbò ní 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016 kí wọ́n tó kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni àwọn tí ó ní kí a lọ fi ju àwọn tí ó ní kí a dúró lọ. Ní Bamako, ní Ouagadougou àti ní Niamey, ìwé kan tí wọ́n kà lórí tẹlifíṣọ̀n ti tó.

Ṣùgbọ́n inú ìwé kọ́ ni àwọn ènìyàn ń gbé. Ẹ bi àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjigbo, Ọ̀fà àti Ìnísà léèrè, wọn yóò sọ ohun tí ojú wọn rí ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì: àwọn tí wọ́n bí sí Kùmásí, tí wọ́n fẹ́yàwó sí Tamale, tí wọ́n kọ́lé sí Ákírà, ni wọ́n di ẹni tí ń ru ẹrù bọ̀ wá sí ìlú baba wọn tí wọn kò mọ ojú ọ̀nà rẹ̀. Nítorí ọgbẹ́ irú èyí ni ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní ọdún 1979 fi ṣe pàtàkì, èyí tí ó ní kí ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀: kò pé ọdún mẹ́rin tí àwa náà, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, lé àlejò tí ó lé ní mílíọ̀nù kan jáde, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Gánà, tí ìyà wọn sì wà lára orúkọ àpò tí a ń pè ní Gánà-mọ́sìgò títí di òní. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn padà lọ, wọ́n sì padà wá. Ará Ẹjigbo kò dẹ́kun à ń lọ sí Àbíjàn. Ará Gánà tún padà wá kọ́ ọmọ wa ní ìwé. Àwọn wọ̀nyí ni mo pè ní ìmùlẹ̀ ara wọn, nítorí pé wọ́n mu omi inú ilẹ̀ ara wọn, wọ́n sì sin òkú wọn sínú rẹ̀. Àwọn olórí fọwọ́ sí ìwé. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n mulẹ̀.

Kí a má sì rò pé ọdún 1975 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ní Igbó Olókun, ní ìlú wa yìí, àwọn tí ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́ rí ìkòkò amọ̀ tí àwọn baba wa fi ń yọ́ gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún; wọ́n yẹ èròjà gíláàsì náà wò, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ti òkèèrè, pé ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀ ní Gao, ní Málì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo jókòó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mi kí n tó dìde. Ọwọ́ ta ni ó gbé e kọjá igbó, tí ó gbé e kọjá ọ̀dàn, tí ó fi dé etí aṣálẹ̀? Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni, lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn ṣùgbọ́n tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ìtàn kan wà nínú Bíbélì tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fà yọ nínú àríyànjiyàn yìí. Àwọn ará Gíbéónì fi ẹ̀tàn bá Jóṣúà dá májẹ̀mú: wọ́n wọ akísà, wọ́n gbé àkàrà tí ó ti bu dání, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá. Nígbà tí àṣírí tú, àwọn olórí Ísírẹ́lì ní àwọn ti fi Olúwa búra, àwọn kò lè fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni Sọ́ọ̀lù ọba fi ìtara da májẹ̀mú náà, ìyàn sì mú fún ọdún mẹ́ta ní ayé Dáfídì, ó mú ẹni tí ó mọ̀, ó mú ẹni tí kò mọ̀. Ọba ni ó dalẹ̀, ará ìlú ni ebi pa. Àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú, tí àwọn ni wọ́n pọ̀ jù ní ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, mọ̀ pé Al-Kùránì pa á láṣẹ kí onígbàgbọ́ mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ.

Ta ni ó wá kọ́kọ́ dalẹ̀? Ní 26 oṣù Keje ọdún 2023 ni àwọn ológun Nìjẹ̀r ti Mohamed Bazoum, ààrẹ tí ará ìlú dìbò yàn, mọ́lé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, n kò sì ní í pè é ní orúkọ mìíràn. Ní ọjọ́ kẹrin rẹ̀, àwọn olórí ECOWAS pàdé ní Àbújá, wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n dá òwò dúró, wọ́n sì fi ogun halẹ̀. Nàìjíríà já iná mànàmáná tí ó ń fún wọn, èyí tí ó tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí wọ́n ń lò. Aboyún tí ń rọbí nínú òkùnkùn kò gba ìjọba lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí ni mo fi ń sọ pé àwa náà jẹ̀bi, nítorí pé bí ọmọ ìyá ẹni bá ṣi ọ̀nà, a lè bá a wí, a lè nà án, ṣùgbọ́n a kì í gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Alájọbí kò ní í gbà. Gowon fúnra rẹ̀, tí ó ti di arúgbó, kọ̀wé bẹ àwọn olórí ní oṣù Kejì ọdún 2024 pé kí wọ́n gbé ìyà náà kúrò, wọ́n sì gbé e kúrò ní 24 oṣù náà, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́ sílẹ̀.

N kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ. Ọmọ Ìlódè ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀? Láti Ifẹ̀ ni àwọn ọmọ Odùduwà ti dé adé tí wọ́n sì túká, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Nínú ìpàdé òfin ìlú ní ọdún 1954, Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ béèrè pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ìyapa sínú òfin Nàìjíríà. Azikiwe kọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbà. Mo gbà pé Awólọ́wọ̀ ni ó tọ̀nà níbẹ̀, nítorí pé ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, túbú ni. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà sọ fún wa pé nígbà tí Ìbíní sú Ọ̀rànmíyàn, ó pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ ìbínú, ó sì kẹ̀yìn sí i. Síbẹ̀ ó fi ọmọ rẹ̀ Ẹ̀wẹ̀kà sílẹ̀ kí ó jọba níbẹ̀. Ìbínú lọ, ẹ̀jẹ̀ dúró. Àwọn ológun mẹ́ta yìí kò fẹ́ dúró de ọdún kan tí ìwé wọn béèrè, wọ́n já a bí ẹni já okùn ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwa tí a gbé Ifẹ̀ láàárín ọdún 1997 sí 2000, nígbà tí ọ̀rọ̀ ibi tí a ó kọ́ oríkò ìjọba ìbílẹ̀ sí dá ogun sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aládùúgbò bá fi ara rẹ̀ ṣe àjèjì sí aládùúgbò. Ilé jó, ènìyàn kú. Nígbà tí ó parí, ojú ọ̀nà oko kan náà ni a tún jọ ń tọ̀, nítorí pé kò sí ìlú tí ó ká ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹní gbé lọ.

Odò Ọya pẹ̀lú kò gbọ́ ìkéde àwọn ológun náà. Láti òkè Gínì ni ó ti ń ṣàn, ó gba Bamako kọjá, ó gba Gao, ó gba Niamey, ó fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó sì wọ ilẹ̀ wa títí dé Lọ́kọ́ja. Omi tí ará Málì wẹ̀ lánàá ni ará Nupe yóò fi dáná lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tí ọdún kan tí ìwé béèrè pé ní 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 tí wọ́n jáde lóòótọ́, ECOWAS ní kí a ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn, àwọn náà sì ti ní àwọn kò ní béèrè físà lọ́wọ́ wa. Ó dàbí ẹni pé àwọn olórí ìhà méjèèjì mọ̀ nínú ọkàn wọn pé ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn láti já.

Ní Sàbó, ní Ifẹ̀ níhìn-ín, mo rí ọkùnrin kan tí ń to obì gbàǹja sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń fi ewé tútù bò ó ní ìpele ìpele kí ó má baà gbẹ lọ́nà. Mo bi í ibi tí ẹrù náà ń lọ. Ó ní Kánò, láti Kánò yóò gba Kàtsínà, yóò gba Jibia, yóò sì dé Maradi. Mo ní, "Àwọn yẹn ti jáde."

Ó gbójú sókè wò mí. "Bàbá," ni ó wí, "àbúrò mi ni mo ń fi í ránṣẹ́ sí." Ó sì na ọwọ́ mú ewé mìíràn.