Fẹ́ràn Ẹni Tí Ó Ṣòro Láti Fẹ́ràn
Kà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:10-19

Anáníà mọ ibi tí Sáúlù ti ṣe sí àwọn ará ní Jerúsálẹ́mù. Síbẹ̀, ó tọ̀ ọ́ lọ ní Dámásíkù, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì pè é ní arákùnrin.

Olùfẹ́, ní Àgùdà níbí, alábàágbélé rẹ lè gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu fèrèsé rẹ, kí èéfín máa wọlé bá àwọn ọmọ rẹ. Èéfín yẹn lè pani; má ṣe dákẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kí i ná. Bí ó bá ṣàìsàn, bẹ̀ ẹ́ wò. Ọlọ́run kò ní kí o fẹ́ràn ìwà rẹ̀. Ẹni náà ni kí o fẹ́ràn.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti pe ẹni tí mo ń yẹra fún ní arákùnrin, ní orúkọ Jésù. Àmín.