Ṣé Orúkọ Ẹni Tó Sọ̀rọ̀ Ló Ń Sọ Ọ́ Di Òótọ́?

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà ìṣirò bi wá ní ìbéèrè kan.

Ẹ wo 7. Yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà tó lè pín in tí nǹkan kò ní ṣẹ́ kù. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní prime. Èyí tó kéré rọrùn láti dá mọ̀. Èyí tó tóbi ló ń dán ènìyàn wò.

Ní 1644, Marin Mersenne, àlùfáà Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ Faransé, to àwọn nọ́ńbà kan tó pè ní prime sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí a máa rí bí a bá kọ 2 sílẹ̀ lọ́nà 67, tí a sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ ara wọn, tí a sì yọ 1 kúrò: 147,573,952,589,676,412,927.

Ọ̀mọ̀wé ni Mersenne, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tẹ̀wọ̀n. Ó lé ní 200 ọdún kí Édouard Lucas tó fi hàn ní 1876 pé nọ́ńbà yìí kì í ṣe prime. Síbẹ̀, kò rí nọ́ńbà tó pín in. Ní 1903, Frank Nelson Cole dìde níwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò ní New York, ó sì sọ 193,707,721 àti 761,838,257,287 di púpọ̀ mọ́ ara wọn. Èsì rẹ̀ bá nọ́ńbà Mersenne mu rẹ́gí. Ìtàn sọ pé ọjọ́ Ìsinmi ọdún mẹ́ta ló fi wá a.

Apá kejì ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Mersenne fo 61. Bẹ́ẹ̀, bí a bá lo 61 dípò 67, ojúlówó prime ni a máa rí: 2,305,843,009,213,693,951. Ivan Pervushin, àlùfáà abúlé kan ní Rọ́ṣíà, ló fi èyí hàn ní 1883. Nọ́ńbà náà kò yí padà lọ́dún náà. Ohun tó ti ń jẹ́ látilẹ̀wá ló ń jẹ́, bí wọn ò tilẹ̀ kà á mọ́ wọn.

Ǹjẹ́ òpùrọ́ ni Mersenne? Rárá o. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé yíyẹ irú nọ́ńbà ńlá bẹ́ẹ̀ wò kọjá agbára ènìyàn. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ohun tí a ti yẹ̀ wò ni ẹjọ́ kàn.

Ẹlòmíràn á ní àfojúdi ni láti yẹ ọ̀rọ̀ àgbà wò. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Béríà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá wò, ìyìn ni wọ́n sì gbà. Ta ló bọ̀wọ̀ fún Mersenne jù: ẹni tó kàn gbà fún un, àbí Cole tó fi ọdún mẹ́ta wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún wa pé arákùnrin kan dúró ṣinṣin, tàbí pé arábìnrin kan kò ṣeé gbára lé, ẹ jẹ́ kí a bèèrè: ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Àmọ́ ènìyàn kì í ṣe nọ́ńbà. Nọ́ńbà kò lè ronú pìwà dà. Ènìyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà lẹ́yìn tí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, kí a má ṣe pa ìwé rẹ̀ dé.