Ta Ni A Jẹ ní Gbèsè Àṣà? Àṣàrò lórí ìgbésí ayé Kelucharan Mohapatra, ọ̀gá oníjó ilẹ̀ Íńdíà

Bí ẹnì kan bá tún ilé tó ti wó mọ, tí ilé náà sì wá dára ju bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ, ta ni ó ni ilé náà? Àwọn kan yóò ní ẹni tó tún un mọ ni. Àwọn mìíràn yóò ní baba ńlá tó kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn wà tí a kì í sábà rántí: àwọn tó ń gbé inú àwókù náà nígbà tí òjò ń pa wọ́n, tí wọn kò jẹ́ kí ibẹ̀ di igbó. Kí ni ẹ̀tọ́ tiwọn? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, kì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ ilé, bí kò ṣe lórí ọ̀rọ̀ àṣà. Ìtàn ọ̀gá oníjó kan ní ilẹ̀ Íńdíà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtàn náà kì í jẹ́ kí ènìyàn fi ìwàǹwára dáhùn.

Kelucharan Mohapatra ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1926 ni wọ́n bí i ní Raghurajpur, abúlé kékeré kan tí kò jìnnà sí ìlú Puri ní Odisha, ní apá ìlà-oòrùn Íńdíà. Abúlé àwọn ayàwòrán ni. Lórí aṣọ ni wọ́n ti ń ya àwòrán àwọn òrìṣà wọn. Bàbá rẹ̀ pàápàá jẹ́ ayàwòrán, ó sì mọ ìlù lù. Ní Puri ni tẹ́ḿpìlì ńlá òrìṣà Jagannath wà, èyí tí wọ́n ti ń sìn níbẹ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Lábẹ́ òjìji tẹ́ḿpìlì yìí ni ijó àgbègbè náà ti dàgbà.

Oríṣi oníjó méjì ni wọ́n ní. Èkíní ni àwọn mahari, àwọn obìnrin tí wọ́n fi fún Jagannath gẹ́gẹ́ bí aya, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń kọrin fún un nínú tẹ́ḿpìlì. Èkejì ni àwọn gotipua. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè wọn ni “ọmọkùnrin kan ṣoṣo”. Ọmọdékùnrin ni wọ́n. Wọ́n á dá irun sí, wọ́n á lé tìróò, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin, wọ́n á sì jó ní ìta gbangba fún tolórí tẹlẹ́mù. Ẹ̀kọ́ wọn le púpọ̀. Olùkọ́ á fi òróró pa ara ọmọ náà, á máa tẹ̀ ẹ́ síwájú àti sẹ́yìn lójoojúmọ́, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi rọ̀, tí yóò lè ká ara rẹ̀ bí ejò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti bàlágà, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí irùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí hù, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ara rẹ̀ ti mọ ijó tán, ijó sì ti kọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí ní Kétu kò ní bi wá léèrè bí ọkùnrin ṣe lè fi ìmúra obìnrin jó kí ó má sì jẹ́ ẹ̀sín. Ó mọ̀ pé ẹni tó gbé aṣọ ìyá wọ̀, ìyá ni ó ń bọlá fún.

Ijó gotipua ni Kelucharan fi bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì kéré nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ Mohan Sundar Dev Goswami, àwọn tó ń fi ijó àti orin ṣe eré ìtàn òrìṣà Krishna kiri. Ó lo bí ọdún méjìlá lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó nílò oníjó tó ti di ọkùnrin, ó sì di alágbàṣe nínú oko ewé betel, ewé tí àwọn ará Íńdíà máa ń jẹ lẹ́nu bí àwa ti ń jẹ obì. Lẹ́yìn náà ni ó rí iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ tíátà Annapurna, níbi tí ó ti ń lu ìlù. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé oníjó kan, Laxmipriya, tí ó fi ṣe aya. Níbẹ̀ náà ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Pankaj Charan Das, ọkùnrin tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé àwọn mahari, tí ó sì mọ ijó wọn. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí èyí dáadáa: gbogbo àwọn tó kọ́ Kelucharan níṣẹ́, láti abúlé títí dé tíátà, àwọn tí ayé ìgbà náà kò kà sí ni wọ́n.

Nítorí pé ìtìjú ti bo ijó náà nígbà yẹn. Lábẹ́ ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọ̀mọ̀wé Íńdíà fúnra wọn gbógun ti ijó inú tẹ́ḿpìlì. Wọ́n ní aṣẹ́wó ni àwọn obìnrin náà. Àwọn ọba tó ń bọ́ wọn kò lágbára mọ́. Kò sí bàbá gidi kan tí yóò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọmọbìnrin òun ń jó. Nígbà tí àwọn òbí Sanjukta Panigrahi, ọmọ ìdílé Brahmin tí wọ́n bí ní ọdún 1944, fi ọmọ wọn kékeré sọ́dọ̀ Kelucharan láti kọ́ ijó, àwọn kan nínú ẹbí bínú gidigidi. Sanjukta ni ó wá di ọ̀kan nínú àwọn oníjó tó lókìkí jù lọ ní gbogbo Íńdíà.

Lẹ́yìn tí Íńdíà gba òmìnira ní ọdún 1947, afẹ́fẹ́ yí padà. Orílẹ̀-èdè tuntun náà ń wá ohun tí yóò fi han ayé pé òun ní ìjìnlẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ará Odisha kò fẹ́ kí ti wọn gbẹ́yìn. Ní ọdún 1958, Kalicharan Pattnaik gbèjà ijó náà níwájú àwọn onímọ̀ ní Delhi. Ní àkókò kan náà ni àwọn olùkọ́ àti àwọn onímọ̀ kan kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Jayantika, Kelucharan àti Pankaj Charan Das sì wà lára wọn. Wọ́n wo àwọn ère oníjó tí wọ́n gbẹ́ sára tẹ́ḿpìlì Konark ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Wọ́n ka ìwé àtijọ́. Wọ́n fi ohun tí àwọn gotipua àti àwọn mahari mọ̀ kún un. Wọ́n wá to ijó náà tẹ̀léra, láti mangalacharan tí í ṣe ìjúbà, títí dé moksha tí í ṣe ìdáǹdè. Odissi ni orúkọ ijó náà. Ohun tí òǹwòran rí lórí ìtàgé lónìí, tí wọ́n ní ó ti pẹ́ ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ, ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ kò dàgbà ju àwọn bàbá tó jókòó tò ó lọ.

Ǹjẹ́ irọ́ ni wọ́n pa? Àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àṣà tí a tún hun kì í ṣe àṣà mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ère lè fi hàn wá bí oníjó ti dúró: orúnkún méjèèjì tẹ̀, apá nà bí igun mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń pè ní chauka, tàbí kí orí, ìbàdí àti orúnkún yẹ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí í ṣe tribhangi. Ìwé lè sọ orúkọ ìdúró náà fún wa. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹsẹ̀ ṣe dé ibẹ̀? Báwo ni yóò ṣe kúrò níbẹ̀? Ibo ni èémí yóò wọlé, ibo ni ìlù yóò ti ké sí ẹsẹ̀, kí ni ojú yóò máa ṣe nígbà náà? Òkúta kò lè kọ́ ni ní ìrìn. Ara alààyè nìkan ló mọ ohun tó wà láàárín ìdúró kan àti èkejì. Bí kò bá sí àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Raghurajpur, bí kò bá sí àwọn obìnrin tó ń jó fún Jagannath nígbà tí ìlú ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ère nìkan ni ìbá kù.

Nítorí náà, àtúnhun náà kì í ṣe irọ́. Okùn tí wọ́n fi hun ún kò já. Ṣùgbọ́n ohun kan náà tó mú un jẹ́ òtítọ́ ni ó sọ ọ́ di gbèsè. Kì í ṣe ère ni a jẹ ní gbèsè, ènìyàn ni.

Síbẹ̀, ère ni a máa ń fẹ́ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Òkúta kì í béèrè oúnjẹ. Òkúta kò ní orúkọ búburú láàárín ìlú. Bí a bá ní “àtọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ ni ijó wa ti wá”, gbogbo ayé yóò pàtẹ́wọ́. Bí a bá ní “lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo ti gbà á”, a ní láti wo ojú obìnrin náà, kí á sì bi ara wa léèrè ohun tí a ti fún un. Àwọn baba ńlá tó jìnnà rọrùn láti bọlá fún ju aládùúgbò lọ.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lẹ́yìn náà. Ijó náà gòkè. Àwọn ọmọbìnrin ilé ọlá kọ́ ọ, wọ́n sì gbé e dé òkè òkun. Kelucharan dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, Srjan, sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ní ọdún 2000, ìjọba Íńdíà fi oyè Padma Vibhushan dá a lọ́lá, oyè tí ẹyọ kan ṣoṣo ga jù ú lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Igbe ọdún 2004. Ní ti àwọn mahari, iye wọn ń dín kù ni. Ní ọdún 2015 ni Sashimani Devi kú ní Puri, ẹni tí wọ́n kà sí ìgbẹ̀yìn nínú wọn. Kò kú sínú ọrọ̀.

Ṣé Kelucharan ni kí á dá lẹ́bi? Rárá. Òun fúnra rẹ̀ gbé inú àwókù náà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kelucharan ní àkísà, kò sì kó o pamọ́. Nígbà tí ó ti darúgbó, tí irun ti ń tán lórí rẹ̀, ó máa ń bọ́ sórí ìtàgé pẹ̀lú ìró funfun nídìí, láìsí aṣọ obìnrin, á sì di Radha, olólùfẹ́ Krishna nínú Gita Govinda tí Jayadeva kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá. Àwọn òǹwòran á gbàgbé bàbá arúgbó, obìnrin ni wọ́n á máa rí. Lójú tèmi, ijó yẹn ni ọ̀nà tí ó fi san gbèsè tirẹ̀. Gotipua tí ijó ti kọ̀ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ hù ni ó mú padà wá síwájú gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè fi ara tirẹ̀ nìkan san gbèsè gbogbo ìlú. Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn mahari fúnra wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn jogún iṣẹ́ náà mọ́. Ẹni tó ju ẹrù sílẹ̀, kí ni ó tún ń béèrè? Èsì mi ni pé ẹni tí ẹ̀gàn lé kúrò nínú oko rẹ̀ kò tíì ta oko náà. Ẹlòmíràn lè sọ pé bí a bá ní kí á san gbogbo gbèsè tán kí á tó kọ́lé, a kò ní kọ́ ilé kankan. Òtítọ́ ni. Bí Jayantika bá ti dúró, ikú ìbá ti kó àwọn tó mọ ijó náà lọ. Kí á kọ́ ilé náà, ṣùgbọ́n kí á má pa àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ́. Kí orúkọ àwọn tó pa á mọ́ hàn kedere, kí wọ́n jẹ nínú èrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ tuntun náà sì ṣí sílẹ̀ fún ọmọ wọn bí ó ti ṣí fún ọmọ ọlọ́lá. Ní Raghurajpur, wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní ijó gotipua títí di òní. Díẹ̀ nínú ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Àwa náà ń tún àṣà hun. A ń gba orin sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, a ń tò ó fún ìtàgé, a sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní èdè méjì. Ohun tí a sábà máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni “orin ìbílẹ̀ Yorùbá”, bí ẹni pé orin náà hù láti inú ilẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Odissi a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjúbà. Kí oníjó tó gbé ẹsẹ̀, yóò fi ọwọ́ kan ilẹ̀, yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé òun yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Yóò kí òrìṣà, yóò kí olùkọ́. Àwa náà mọ ìbà: a kì í ṣíde eré láìjúbà àwọn tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìbà tí a fi ń kí òkú nìkan kò tó. Nígbà tí a bá tún fẹ́ ṣíde eré, ẹ jẹ́ kí á dárúkọ alààyè pẹ̀lú: ìyá tó kọ orin náà fún wa, abúlé rẹ̀, àti ẹni tó kọ́ òun náà. Kí a sì rí i pé ó wà lórí ìjókòó níwájú, kí ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.